Tọ́ọ̀ṣì Gáàsì Tí Wọ́n Rà ní Iléṣà

Aago 5:40 àárọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo. Ọ̀gá wẹ́dà ti kírun, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka owó. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pín in sọ́nà méjì, ó ki apá kan sínú àpò ṣòkòtò, ó ki ìyókù sínú àpò inú dàńṣíkí. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró tì í, àpò ìrẹsì òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Tọ́ọ̀ṣì gáàsì tí ṣọ́ọ̀bù ń lò tẹ́lẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́yìn wọn. Ó ti ń jò láti oṣù tó kọjá. Régúlétọ̀ ọ́síjìn rẹ̀ ti kú. Àgbá kábáìdì wà ní kọ̀rọ̀, ẹrẹ̀ funfun tó ṣẹ́kù láti inú iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn ti gbẹ sí i lẹ́nu. Kìlò kábáìdì kan, bí omi bá kàn án, a máa mú nǹkan bí 300 lítà gáàsì asẹ́tílìn jáde. Kábáìdì wà. Ọ́síjìn wà nínú sílíńdà. Ohun tí yóò kó méjèèjì jọ sójú kan ni kò sí.

Aago 6:25. Wọ́n wọ mọ́tò ní Ọlá-Ìyá. Láti Òṣogbo sí Iléṣà tó nǹkan bí 30 kìlómítà. Ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gbé ọwọ́ lé àyà níbi tí owó wà. Kò gbé e kúrò títí wọ́n fi dé.

Aago 7:40. Iléṣà. Àwọn alákàrà ti ń dín tiwọn nítòsí ọjà Atákúnmọ́sà. Ọ̀gá kò dúró. Ó yà sí àdúgbò kan tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́ àlòkù. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní góòlù nínú. Wọ́n ń wà á ní Ìtàgúnmódi, wọ́n ń wà á ní Igun, ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti ń wà á nítòsí Ìpèrìndó láti ọdún 2021. Ibi tí wọ́n bá ti ń wa ilẹ̀, ẹ̀rọ a máa bàjẹ́. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti ń bàjẹ́, wẹ́dà kì í wọ́n níbẹ̀, irinṣẹ́ tí wẹ́dà lò kù náà kì í wọ́n.

Aago 8:05. Bàbá tó ń ta ọjà tẹ́ àpò sílẹ̀. Ó kó ẹrù náà síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, ó wúwo. Ẹnu rẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n fi wáyà so pọ̀. Régúlétọ̀ méjì. Rọ́bà méjì, pupa àti búlúù, tí wọ́n ká pọ̀. Idẹ tọ́ọ̀ṣì náà ti ṣú. Rọ́bà ti pàwọ̀ dà. Régúlétọ̀ ọ́síjìn nìkan ló ń dán. Bàbá fi ìka méjì yí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ó yí fẹ́rẹ́, kò dún.

“Ẹ wò ó,” ni bàbá wí. “Ọmọdé lè yí i.”

Ọmọ iṣẹ́ tẹjú mọ́ géèjì tó tóbi jù lára rẹ̀. Òòrùn ti jẹ ojú rẹ̀. Lábẹ́ abẹ́rẹ́, lẹ́tà mẹ́ta péré ló kù tó ṣeé kà: OIL. Ó kà á jáde lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Aago 8:20. Ọ̀gá gbé régúlétọ̀ náà. Ó gbé ibi tí wọ́n fi ń so ó mọ́ sílíńdà sún mọ́ imú. Ó fà á símú, ó dúró díẹ̀, ó tún fà á símú. Ó gbé e sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú rọ́bà búlúù, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ láti ìdí dé orí. Ó dé ibì kan, ó dúró. Wọ́n ti fi téèpù dúdú wé ibẹ̀, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́.

“Kí ló ṣe ibí yìí, Bàbá?”

“Irin ló há a.”

“Ta ló ni ẹrù yìí tẹ́lẹ̀?”

“Ọmọ àdúgbò ibí ni. Kò ṣiṣẹ́ náà mọ́.”

“Kí ló dé?”

“Ó ń sinmi.”

Obìnrin kan wọlé, ó ń béèrè jáàkì. Bàbá yíjú sí i.

Aago 8:45. Wọ́n ń ná ọjà. Bàbá dá iye kan. Ọ̀gá ná an ní ìdajì. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló lòun, òun lè lóṣòó síbẹ̀ títí owó òun yóò fi pé. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sọ́tọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹnu rẹ̀.

“Èyí nìkan ni mo fẹ́, Bàbá. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀.”

“Kò sí títà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá máa gbé e, gbogbo rẹ̀ lẹ ó gbé.”

Ọ̀gá tún gbé tọ́ọ̀ṣì náà wò. Ó ṣí fáàfù kan, ó pa á. Ó ṣí èkejì, ó pa á. Iye tí bàbá ní òun yóò gbà lẹ́yìn-ọ-rẹyìn kò tó ìdá mẹ́ta owó tọ́ọ̀ṣì tuntun.

Aago 9:10. Wọ́n sanwó. Ọ̀gá ní kí bàbá pe nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún òun. Bàbá béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀gá ní bóyá òun yóò tún wá ra nǹkan. Ọmọ iṣẹ́ kó ẹrù sínú àpò ìrẹsì, ó gbé e lé èjìká.

Aago 10:30. Wọ́n dé Òṣogbo, wọ́n bá oníbàárà kan lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Bóòtù méjì ti di mọ́ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ti dógùn-ún débi pé sípánà ti jẹ orí wọn tán. Iná nìkan ló lè gé wọn. Ó fẹ́ kó èrò lọ sí Ìlọrin ní aago márùn-ún.

“Ẹ ti ra tuntun,” ni awakọ̀ wí nígbà tó rí àpò.

“Àlòkù ni,” ni ọ̀gá dáhùn.

Aago 10:50. Ọ̀gá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Ó kó ẹrù náà lé e. Ó mú régúlétọ̀ tó ń dán, ó fi nọ́lọ́ọ̀nù wé e, ó so ó, ó gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri.

“Má fọwọ́ kan èyí.”

Ọmọ iṣẹ́ ní òun ti gbọ́. Ọ̀gá kò ṣàlàyé.

Aago 11:10. Wọ́n ń tú tọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀tì ojú ọ̀nà asẹ́tílìn ní àpá tí wọ́n gé sí i lára, òsì ló ń yí dè. Ti ọ́síjìn kò ní àpá, ọ̀tún ló ń yí dè. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà so ọ̀kan mọ́ ojú èkejì, kódà nínú òkùnkùn. Níbi tó yẹ kí fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn wà, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá fi èékánná tọ ojú ìlà méjèèjì. Ó yọ àwọn rọ́bà róbótó inú tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gan. Ọ̀kan fọ́ sí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago 11:25. Ọmọ iṣẹ́ bu epo bẹntiróòlù sínú ife, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fẹ́ máa fọ idẹ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọ ohun gbogbo nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ó dà á padà sínú jálá, ó dé e, ó gbé jálá náà jáde lọ sẹ́yìn ilé.

“Ọṣẹ àti omi gbígbóná. Ìwọ náà, lọ fọwọ́ rẹ.”

Ọmọ náà fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀gá wo èékánná rẹ̀. Ó ní kó lọ tún un fọ̀.

Aago 12:10. Ọmọ iṣẹ́ lọ sígboro lọ ra rọ́bà róbótó tuntun, rọ́bà gígùn búlúù àti pupa, àti fáàfù kékeré méjì tí kì í jẹ́ kí iná padà. Ọ̀gá dá wà pẹ̀lú àwọn ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Ó ń ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò wọn, ó ń fà á jáde, kò yí i. Ó gbé ẹnu kìíní sójú òòrùn. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó rí róbótó. Ó gbé èkejì. Ó rí róbótó. Ẹ̀kẹta ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnì kan ti fi ìṣó ro ó rí. Ó jù ú sínú agolo pàǹtírí.

Ní ọdún 1895, Henry Le Chatelier ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí asẹ́tílìn àti ọ́síjìn bá jó pọ̀, iná wọn gbóná ju 3,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò ju bí ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́yìn náà tí Edmond Fouché àti Charles Picard fi ṣe tọ́ọ̀ṣì tó lè lo iná náà. Ìrísí rẹ̀ kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà: fáàfù méjì, rọ́bà méjì, ẹnu kan. Ewu rẹ̀ náà kò yí padà.

Aago 1:20 ọ̀sán. Ohun gbogbo ti gbẹ. Rọ́bà róbótó tuntun ti wọ àyè wọn. Ọ̀gá yá régúlétọ̀ ọ́síjìn lọ́wọ́ páńẹ́lì bítà tó wà ní òdìkejì títì. Ó so ó mọ́ sílíńdà, ó so rọ́bà búlúù tuntun mọ́ ọn. Kò so ti asẹ́tílìn. Ó fi ojú ọ̀nà asẹ́tílìn sílẹ̀ lófìfo.

“Fi àtàǹpàkò rẹ dí ibẹ̀.”

Ọmọ iṣẹ́ dí i. Ọ̀gá ṣí ọ́síjìn. Àtàǹpàkò ọmọ náà fà wọnú, awọ rẹ̀ wú díẹ̀ nínú ihò. Ọ̀gá mi orí. Gáàsì inú àgbá kábáìdì kò lágbára láti tì ara rẹ̀ jáde. Ọ́síjìn ló gbọ́dọ̀ fà á. Tọ́ọ̀ṣì tí kò bá fa ìka, kò ní fa gáàsì. Èyí ń fà.

Aago 1:45. Wọ́n fi ìfófòó ọṣẹ kun gbogbo oríkèé. Ibì kan ru. Ọ̀gá fi sípánà dè é díẹ̀ sí i. Kò ru mọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Kò ru.

Aago 2:15. NEPA mú iná. Ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò dákẹ́. Awakọ̀ dìde lórí ìjókòó, ó wo aago, ó tún jókòó.

Aago 2:30. Páńẹ́lì bítà wá gba régúlétọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ti dé bá òun náà. Ó ní òun yóò gbé e padà wá bí òun bá ṣe tán. Ọ̀gá kí i, ó dúpẹ́. Ó pe ẹni tó ń ta tuntun ní Òṣogbo. Wọ́n ní ó di ọ̀la.

Aago 3:10. Awakọ̀ wo ara ògiri. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn kọ́ ni régúlétọ̀? Ẹ̀yin náà rà á lónìí.”

Ọ̀gá ní kó ṣe sùúrù.

Aago 3:50. Wọ́n pe ìrun alásárì. Ọ̀gá gbé kẹ́tù omi, ó sọdá títì, ó wọ mọ́sáláṣí.

Aago 3:56. Awakọ̀ bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní àgbà ti dé sí ọ̀gá rẹ̀. Ó ní èrò ń dúró de òun ní gáréèjì. Ó ní nǹkan náà ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ó fi owó díẹ̀ sórí tábìlì. Ọmọ iṣẹ́ kò mú owó náà. Ó ń wo ìṣó.

Aago 3:59. Nọ́lọ́ọ̀nù ti wà nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ gbé régúlétọ̀ sí ẹnu sílíńdà ọ́síjìn. Sílíńdà náà kún. Bí ó bá kún, agbára tó wà nínú rẹ̀ tó 2,200 psi. Ti táyà ọkọ̀ kékeré sábà máa ń wà ní nǹkan bí 30. Ó ń fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì. Ó yí fẹ́rẹ́. Ó yí títí ó fi kàn, kò lo sípánà rárá. Ó mú sípánà, ó dè é gbọin.

Aago 4:01. Ó gbé ọwọ́ lé orí sílíńdà. Ó fẹ́ ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ yọ̀.

Ó gbé e kúrò. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó ń dán. Ó fi ìka ìfábẹ̀là ra á. Ó tún ra á. Láti àárọ̀ ló ti ń fọ ọwọ́ yẹn. Láti àárọ̀, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn lórí tábìlì náà tó yọ̀.

“Kí ló dé?” ni awakọ̀ bi í.

Ọmọ náà kò fèsì. Ó mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú régúlétọ̀ náà.

Aago 4:12. Ọ̀gá dé. Ó rí nọ́lọ́ọ̀nù nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ dọ̀bálẹ̀.

“Ọ̀gá, mi ò ṣí i.”

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè láti ilẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó ya ojú ewé kan nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ gbèsè, ó lọ́ ọ, ó tì í bọ ẹnu régúlétọ̀ náà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó fà á jáde. Ó tú u. Ó gbé e sójú òòrùn. Àárín ìwé náà ti mọ́ gaara, wọ́n ń rí ẹ̀ka igi máńgòrò láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Aago 4:20. Ọ̀gá fi aṣọ tútù nu ojú géèjì. Ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí òòrùn lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó pe ọmọ iṣẹ́ kó wá wò ó. Ṣáájú lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n rí ní Iléṣà, òjìji lẹ́tà márùn-ún mìíràn wà níbẹ̀. Ọmọ náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: USE NO OIL. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi epo sí i.

Aago 4:30. Ọ̀gá fa rọ́bà búlúù àlòkù náà jáde. Ó tú téèpù. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti ya, etí ibi tó ya ti ràn. Ó fi ọ̀bẹ là á síwájú sí i. Inú rẹ̀ dúdú. Èédú wà lójú ọ̀bẹ nígbà tó yọ ọ́. Ọ̀nà ọ́síjìn nìyí. Iná kò ní nǹkan kan tó wá ṣe níbẹ̀. Ó sì ti gba ibẹ̀ kọjá rí.

Aago 4:45. Ọ̀gá pe Iléṣà. Ó jẹ́ kí ohùn náà jáde síta.

“Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ta ló fi epo sí régúlétọ̀ yìí?”

“Èmi ni o. Ó ti di látọjọ́. Mo ro epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i, mo sì nù ún, kí ojú ẹni tó fẹ́ rà á lè gbà á. Àbí kò yí dáadáa?”

“Ó yí, Bàbá. Ẹni tó ni rọ́bà ńkọ́? Kí ló ṣe é?”

Bàbá kò tètè fèsì. Ọkọ̀ kan fun fèrè lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Rọ́bà yẹn ló bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Ọwọ́ yẹn ni kò lè di nǹkan mú mọ́. Àbúrò rẹ̀ ló kó ẹrù náà wá fún mi kí n bá wọn tà á.”

Aago 5:05. Awakọ̀ mú owó rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi sápò. Ọ̀gá ń sọ fún ọmọ iṣẹ́, awakọ̀ náà ń gbọ́. Ọ́síjìn fúnra rẹ̀ kì í jó, ṣùgbọ́n ohun tó bá bá pàdé níbi tí iná wà, a máa jó ju bó ṣe yẹ lọ. Bí wọ́n bá ṣí sílíńdà tó kún, ọ́síjìn a já wọ inú régúlétọ̀ lójijì, ibẹ̀ há, yóò fún pọ̀, yóò gbóná. Bí epo bá wà níbẹ̀, kò nílò ìṣáná. Epo a gbiná, rọ́bà inú régúlétọ̀ a gbiná, idẹ pàápàá lè yọ́. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ ni yóò gbà á sójú. Ti rọ́bà yàtọ̀. Bí gáàsì méjèèjì bá dàpọ̀ nínú rọ́bà kan, tí iná sì padà láti ẹnu tọ́ọ̀ṣì, tí kò sí fáàfù kékeré yẹn láti dá a dúró, inú rọ́bà ni yóò ti bú, níbi tí ọwọ́ ẹni wà. Ẹrù tí wọ́n rà ní àárọ̀ ní ewu méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹni tó lò ó. Èkejì jẹ́ ti ẹni tó tọ́jú rẹ̀ fún títà.

Aago 5:35. Páńẹ́lì bítà gbé régúlétọ̀ tirẹ̀ padà wá. Wọ́n so ó. Rọ́bà tuntun, fáàfù tuntun, rọ́bà róbótó tuntun, tọ́ọ̀ṣì àlòkù. Wọ́n bu omi sí kábáìdì, òórùn áyù gba ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n jẹ́ kí gáàsì àkọ́kọ́ jáde dànù kí afẹ́fẹ́ inú rọ́bà lè tán. Ọ̀gá rọra ṣí ọ́síjìn, òun sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe níwájú.

Aago 5:44. Asẹ́tílìn kọ́kọ́ gbiná. Iná náà pọ́n, èéfín dúdú ń jábọ́ lára rẹ̀. Ọ̀gá fi ọ́síjìn kún un díẹ̀díẹ̀. Èéfín tán. Iná náà di búlúù, ìdí rẹ̀ funfun, ó mú ṣonṣo. Kò dún pàù. Kò padà.

Aago 6:00. Bóòtù méjèèjì ti jábọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Awakọ̀ sanwó, ó lọ. Ó ti pẹ́ ní wákàtí kan sí ìgbà tó fẹ́ gbéra.

Aago 6:15. Ọ̀gá gbé régúlétọ̀ tó ń dán sórí irin owú. Ó fi òòlù fọ́ géèjì rẹ̀ méjèèjì, ó lu nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí ìlà rẹ̀ fi parẹ́. Ó gé rọ́bà àlòkù náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fọ epo tán nínú régúlétọ̀ ọ́síjìn. Ṣọ́ọ̀bù títì kò ní i, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ pé epo ti tán níbẹ̀. Bí òun bá dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni ọ̀gá wí, ẹni tó ń ṣa irin yóò ṣà á, ẹlòmíràn yóò nù ún, yóò tún máa dán, wọn yóò tún un tà.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kó wá láti Iléṣà, tọ́ọ̀ṣì idẹ tó ti ṣú àti ẹnu rẹ̀ méjì ni wọ́n rí lò. Èyí tó ń dán jù nínú ẹrù náà ni kò gbọdọ̀ kan sílíńdà.